Ṣé "next tomorrow" ti wá di òyìnbó gidi?

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti ẹnu àwa ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, dáǹfó àti tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, àti "next tomorrow" tí tíṣà fi pàṣán lé kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Bí ọdún 2025 ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ní "japa" àti ẹ̀bà ti wọlé. Láti ìgbà náà, àwọn kan ní òyìnbó ti bàjẹ́, àwọn kan ní ohun tó bá wá sẹ́nu la lè sọ wàyí. Àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí.

Ṣé "next tomorrow" ti wá tọ̀nà?

Ó ti di òyìnbó Nàìjíríà tí ìwé jẹ́rìí sí. Ìwé atúmọ̀ èdè kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ló ń kọ sílẹ̀. Láti 1953 ni wọ́n sì ti rí èyí nínú ìwé títẹ̀.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi ní "ọ̀túnla" tirẹ̀?

Ó ní in rí. "Overmorrow" ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú Bíbélì tí Miles Coverdale tẹ̀ jáde ní 1535. Wọ́n ní "ereyesterday" náà fún ìjẹta. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ "übermorgen" títí dòní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ tiwọn nù, wọ́n wá ń lo odindi ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwa bá wọn wá òmíràn, wọ́n ní a ṣì í.

Ṣé wọ́n máa ń yọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kúrò nínú ìwé náà?

Rárá. Wọ́n kàn ń sàmì sí i pé kò sí lẹ́nu mọ́ ni.

Irú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo ló ń ṣini lọ́nà jù?

Kì í ṣe èyí tó ṣàjèjì. Bí ẹ bá pàdé "overmorrow", ẹ ó béèrè. Èyí tí a rò pé a mọ̀ ló ń gbé wa ṣubú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka Mátíù orí 14 sétí wa nínú Bíbélì King James ti 1611, ó dé ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n gbé orí Jòhánù wá "in a charger". Ó dákẹ́. Ó wo wáyà tó so mọ́ ara ògiri, ó ní, "Àǹtí, ṣé iná wà nígbà yẹn ni?" Àwo ńlá ni, Bíbélì Yorùbá pè é ní àwopọ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà: gbòǹgbò kan náà ni méjèèjì ti wá, ìyẹn kí a di ẹrù lé nǹkan. Wọ́n ń di ẹran lé àwo, àwa ń di iná lé fóònù.

"Let" ni olórí gbogbo wọn. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà yín. Wọ́n fi orúkọ Ààrẹ ní kí gbogbo ẹni tó bá kàn jẹ́ kí ẹ kọjá "without let or hindrance". Bí "let" bá jẹ́ "jẹ́ kí", a jẹ́ pé wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kọjá láìjẹ́ kí ẹ kọjá! Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: "lætan" ni kí a yọ̀ǹda, "lettan" ni kí a dènà. Nígbà tó yá, ìró wọn di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ohùn ì bá ti yà wọ́n. Ta ló ń fi ọkọ̀ pe ọkọ́? Èyí tó ń dènà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó ṣì wà nínú Róòmù 1:13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun "was let", ìyẹn ni pé nǹkan dí i lọ́wọ́. Ó tún wà lórí tábìlì tẹníìsì: bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bá kan nẹ́ẹ̀tì kó tó kọjá, "let" ni wọ́n ń pè.

Ṣé kí ọmọ mi kọ "next tomorrow" nínú ìdánwò?

Kó má dán an wò. Kó kọ "the day after tomorrow", kó gba máàkì rẹ̀.

Ṣé ewu kankan wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà?

Ó wà, owó sì ni. Nínú ọ̀rọ̀ 29 yẹn ni "severally" wà. Lẹ́nu wa, "lọ́pọ̀ ìgbà" ni: mo pè ọ́ severally, o ò gbé e. Nínú ìwé àdéhùn, ìtumọ̀ àtijọ́ ló ṣì ń jẹ́, ìyẹn "lọ́kọ̀ọ̀kan". Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin mẹ́ta ṣe onídùúró fún ẹni tó yá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, ẹ sì fọwọ́ sí "jointly and severally". Kò san án. Ọ̀kan nínú yín ti jápa, èkejì ti pa fóònù. Ayánilówó lè wá bá ẹ̀yin nìkan fún mílíọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe mílíọ̀nù kan. Ẹ lè lọ bá àwọn méjì yẹn kí wọ́n dá tiwọn padà, ṣùgbọ́n wàhálà yín nìyẹn, kì í ṣe ti ayánilówó.

Mo ti fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ẹ mú ìwé náà lọ bá lọ́yà, kí ẹ sì pe ẹni tó yáwó náà lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di next tomorrow.