Owó Àgbìnsílẹ̀: Ìdí Tí N Kò Fi Gba "Ẹ̀bùn Ayérayé"

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́, alága ìpàdé gba máìkì, ó ní a fẹ́ dá "ẹ̀bùn ayérayé" sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà lè máa kọ́ èdè Yorùbá àti ìtàn dáadáa. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mo dá 20,000 náírà. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Erékèsán tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tirẹ̀ sórí tábìlì, ó tún un kà kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fi owó náà kun gbọ̀ngàn, wọ́n fi ra àga oníke, wọ́n fi èyí tó kù ṣe ìdíje àròkọ kan ṣoṣo. Ó tán. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ìwé ìṣirò wọn mọ́ tónítóní. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é, bí ẹ̀bùn ni wọ́n sì ṣe ná an. Ta ni wọ́n fún lẹ́bùn tí kì í ná an?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Owó kan wà tí a máa ń fi dókòwò, tí a kì í ná ojú rẹ̀, èlé rẹ̀ ni à ń ná. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹndáómẹ́ǹtì nìyẹn, owó àgbìnsílẹ̀ ni èmi ń pè é, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ Yorùbá bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀bùn ayérayé" ló burú jù nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀bùn ń sọ ìwà ẹni tó fún ni, kò sọ ohun tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ṣe. Ayérayé ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwàásù ni. Ó dùn létí, àmọ́ kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn oníròyìn rédíò fẹ́ràn "owó ìrànwọ́". Ìyẹn wà fún ẹni tí àgbàrá gbé ilé rẹ̀ lọ: wọ́n fún un, ó ná an, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn mìíràn ní "owó ìpamọ́". Owó tí a pamọ́, nítorí kí a lè rí i ná lọ́jọ́ tí nǹkan bá le ni a ṣe pa á mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí nǹkan bá le gan-an ni owó tí mò ń sọ yìí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní kí a kàn máa kọ ọ́ ní "ẹndáómẹ́ǹtì", kí a fi àmì sí i, kí a máa lọ. Wọ́n ní ṣebí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì wà nínú gírámà wa, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú kíláàsì ni fáwẹ̀lì ń gbé, olùkọ́ wà níbẹ̀ tí yóò ṣàlàyé rẹ̀. Ẹndáómẹ́ǹtì ní láti wọ ọjà Erékèsán lọ bá màmá aláṣọ kí ó tó rí owó gbà, kò sì sí olùkọ́ tó ń tẹ̀ lé e lọ. Orúkọ tí a fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ yé ẹni náà kí ó tó tú etí ìró.

Nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò le. Gbogbo ẹni tó bá ti yá owó èlé tàbí tó ti ṣòwò rí ló mọ ojú owó, ó mọ èlé. Kí ẹ wá wo oko kòkó. Bàbá kan ní Ìdànrè gbin kòkó sábẹ́ ibòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ríro ló ń ro ó, kò rí nǹkan ká. Nígbà tó so, ó ká a, ó fọ́ ọ, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó sá a, ó gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Owó tó gbà nídìí ìwọ̀n ló fi rán ọmọ níléèwé. Bàbá kú, àwọn ọmọ ń ká kòkó náà, àwọn ọmọ ọmọ tún ń ká a. Igi ni ojú owó, èso ni èlé, kò sì sí ọmọ tó gbọ́n nínú wọn tí yóò la igi kòkó tó ń so fún ìdáná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó èso náà ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n á yọ díẹ̀ ra oògùn tí wọ́n máa fi fín in, wọ́n á fi díẹ̀ gbin igi tuntun dípò èyí tó kú, torí bí àrùn ṣe ń ba kòkó jẹ́ lásìkò òjò ni ọ̀wọ́n gógó ṣe ń jẹ náírà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà tó ní irú owó yìí fi ń ná kìkì bí ìdá 4 sí 5 nínú 100 rẹ̀ lọ́dún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú Oǹdó, olùkọ́ni bíi tèmi, kò gbà fún mi. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ "àgbìn" yóò rò pé ẹ̀yáwó àgbẹ̀ ni. Mo ní owó ọ̀gbìn ló ń rò, n kò sì pè é ní owó ọ̀gbìn. Inú "sílẹ̀" gan-an ni agbára ọ̀rọ̀ náà wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba wo ní Nàìjíríà ni kò mọ owó oṣù àjẹsílẹ̀? Ẹni kan ti jẹ ẹ́ lọ, ó wá ku ẹni tí yóò san án. Ẹ wá yí i padà: ẹni kan ti gbìn ín lọ, ó wá ku ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ìyẹn ni àgbìnsílẹ̀. Yorùbá ti ní ilé ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ àti àjẹsílẹ̀ ti ń gbé inú rẹ̀, mo kàn ṣí yàrá kan sí i ni.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1895 ni Alfred Nobel, ọlọ́rọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọrọ̀ òun dókòwò níbi tó fìdí múlẹ̀, kí wọ́n sì máa fi èlé rẹ̀ ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ lọ́dọọdún. Ó kú lọ́dún 1896. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 1986, olówó ti kú fún 90 ọdún, oko rẹ̀ sì ń so.

Orúkọ lè tan ni jẹ o. Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, National Endowment for the Humanities, tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Ìwádìí àti ìkọ́ni nínú èdè, ìtàn, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ (fìlọ́sọ́fì) ló ń tì lẹ́yìn, ó sì ń gbé ìmọ̀ náà tọ ará ìlú lọ ní ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí yẹn, kò ní igi kan nílẹ̀: ilé aṣòfin ló ń bu owó fún un lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba fagi lé ọ̀pọ̀ owó tó ti ṣèlérí fún àwọn olùwádìí, tòun ti èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ 56 tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè wọn. Mellon Foundation, àjọ aládàáni kan ní Amẹ́ríkà tó ti ní owó àgbìnsílẹ̀ tirẹ̀ láti ọdún 1969, ló nawọ́ mílíọ̀nù 15 dọ́là sí àwọn ìgbìmọ̀ náà. Nítorí náà, bí mo bá ń túmọ̀ orúkọ àjọ ti ìjọba yẹn, "àjọ ìtìlẹ́yìn" ni mò ń kọ, n kì í kọ àgbìnsílẹ̀ sí i. TETFund tiwa náà, owó tí ìjọba Nàìjíríà fi ń ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lẹ́yìn, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè àwọn iléeṣẹ́ ni. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe owó àgbìnsílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn ló sì nílò irú owó yìí jù lọ. Ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ogún ọdún lè gbà á. Ẹni tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò mọ ọjọ́ tí àgbà tó kàn yóò ráyè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ìrànwọ́ ọlọ́dún méjì kì í dúró de àgbà.

Nígbà tí a tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, mo lọ bá màmá aláṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò gbàgbé. Ó ní, "Tíṣà, èyí tẹ́ ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màmá, owó àgbìnsílẹ̀ la fẹ́ ṣe báyìí." Kò ní kí n ṣàlàyé. Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e sórí àwọn tó kù, ó wá ní, "Ta ni yóò máa ro ó?"

Kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ "ẹ̀bùn ayérayé". Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi níwájú rẹ̀, òun sì ni a kọ́kọ́ jíròrò lé lórí nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun jókòó.