Ìpele Èédú Kan Náà Ni, Àbí Òmíràn?

Bí wọ́n bá rí èédú ní kòtò ìwakùsà méjì tó jìnnà síra, báwo làwa onímọ̀ àpáta ṣe ń mọ̀ bóyá ìpele kan náà ni? Ẹ má fi orúkọ ṣe é rárá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele tí àwọn awakùsà Yorkshire ń pè ní Barnsley ni àwọn ará Nottinghamshire ń pè ní Top Hard, bí ọmọ tí ilé bàbá ń pè ní Àjàní tí ilé ìyá ń pè ní Adéwálé.

Nínípọn náà kò ṣeé gbára lé. Nítòsí Dudley, ní Gúúsù Staffordshire, ìpele kan wà tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí ẹ bá ń tọ̀ ọ́ lọ sí àríwá, níhà Cannock, amọ̀ àti yanrìn á máa wọ àárín rẹ̀ títí yóò fi pín sí ọ̀pọ̀ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́. Irà ni gbogbo ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, igi inú irà náà ló sì di èédú. Níbi tí ilẹ̀ ti ń yára rì, odò á gbé ẹrẹ̀ bo irà, igi á sì tún hù lórí ẹrẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń ka ìpele láti òkè wá sísàlẹ̀ ní kòtò méjèèjì, tó wá fi ẹ̀kẹta mú ẹ̀kẹta, ó ti kà á sódì.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo èédú. Àpáta òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òkun ya bo irà wọ̀nyẹn káàkiri, ó sì fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ la ẹrẹ̀ tó ti di òkúta yìí, ẹ ó rí ìkarawun ẹran inú òkun tó ká roboto, tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú tó wà nínú ìpele ẹrẹ̀ òkun tí a ń pè ní Mansfield kò jọ ti èyí tí a ń pè ní Clay Cross tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni Barnsley àti Top Hard wà. Àmọ́ èédú mìíràn tún wà níbẹ̀, nítorí náà a ṣì ní láti wo ìkarawun inú odò àti hóró ewéko wíńtínwíńtín tí a kò lè fi ojú lásán rí, ká sì máa lu ilẹ̀ wò láti kòtò kan dé èkejì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1973, ní Lofthouse nítòsí Wakefield, omi inú ibi ìwakùsà àtijọ́ ya wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, awakùsà 7 sì kú. Bí wọ́n bá fún yín ní máàpù ìwakùsà àtijọ́, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ìpele náà ládùúgbò yẹn, bó ṣe jìn tó, àti irú àpáta tó wà lókè rẹ̀.