Ẹ bèèrè gbòǹgbò kí ẹ tó sanwó igi ápù

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé nílùú Ọba, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni kí ẹ ra igi ápù. Ó ti wọ́wé nígbà náà, wọ́n á hú u tà láìsí erùpẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti inú ìkòkò. Òtútù tí gbogbo wa ń sá fún yìí ni igi náà nílò kó tó lè rúwé kó sì tanná dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é gbìn sí Ìbàdàn.

Ọ̀pọ̀ ń bèèrè bóyá èso rẹ̀ dùn. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ gbòǹgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Hóró ápù kì í hu irú ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ka igi tó dùn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n á lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò igi ápù mìíràn. Gbòǹgbò yìí ló ń pinnu bí igi yóò ṣe ga tó. Ibùdó ìwádìí East Malling ní Kent, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, ló to púpọ̀ nínú irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ tó sì fún wọn ní nọ́ńbà. Igi tó wà lórí gbòǹgbò M9 kì í sábà ga ju mítà 2.5 lọ, àmọ́ kò lágbára, òpó ló máa fi gbé ara ró títí ayé rẹ̀. M26 á tó mítà 3, MM106 á tó 4. M25 ga jù, oko ló yẹ ẹ́. M26 ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò fẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi náà dáadáa: ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ á wú, á tẹ̀ díẹ̀ bí orúnkún. Ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ rárá. Kó fi ìka mẹ́rin ga ju ilẹ̀ lọ, ó kéré tán. Bí ẹ bá bò ó, apá òkè á ta gbòǹgbò tirẹ̀, agbára gbòǹgbò tí ẹ torí rẹ̀ sanwó á pin, igi á sì máa ga lọ. Kí ihò fẹ̀, kó má jìn ju gbòǹgbò lọ. Orí ilẹ̀ ni kí ajílẹ̀ wà, kó má kan ìdí igi.

Igi kan ṣoṣo kì í sábà so dáadáa. Ó nílò ápù irú mìíràn tó ń tanná lásìkò kan náà, kí oyin lè gbé lẹ́búlẹ́bú ìtànná láti ọ̀kan dé èkejì. Bí aládùúgbò bá ní, ó tó. Ti Bramley, irú ápù kan tí wọ́n sábà máa ń sè, yàtọ̀: lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ kò wúlò fún igi mìíràn, irú méjì tó lè ran ara wọn lọ́wọ́ ló yẹ kó wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Lóṣù keje, iṣẹ́ tó ń dun àwọn èèyàn wa jù á dé: jíjá èso kékeré dànù. Níbi tí márùn-ún bá dìpọ̀ sí, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, tàbí méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún yìí, èso rẹ̀ á kéré, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ lè má rí ìkankan.

Ìgbà òtútù ni kí ẹ gé ẹ̀ka tó kú àti èyí tó ń ha ara wọn. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò léso ló máa hù rọ́pò.