Ife Kan, Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta: Kí Ni Amọ̀kòkò Sítúdíò Ń Fi Ọjọ́ Rẹ̀ Ṣe?

Inú fídíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ ń rí iṣẹ́ yìí: amọ̀ rọ̀gọ̀dọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó ń yí, ọwọ́ méjì rọra fà á sókè, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di ife. Ẹni tó bá wò ó tán tó wá lọ bẹ amọ̀kòkò níṣẹ́, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnu á yà á. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀lé e nìyí. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú sítúdíò tirẹ̀ ni mò ń sọ o, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àwo.

Bí mímọ ife kò bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ló ń jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Omi ni. Amọ̀ tó rọ̀ débi tí ọwọ́ fi lè fà á sókè lórí kẹ̀kẹ́ kún fún omi, omi náà sì gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ń jáde ni ife ń súnkì. Bí amọ̀ bá súnkì ní ìdá 12 nínú 100 láti orí kẹ̀kẹ́ títí dé iná ìkẹyìn, èyí tó wọ́pọ̀ dáadáa, ife tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 11 lónìí kò ní ju bí 9.7 lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gbà á.

Ẹnu ife fẹ́lẹ́, ó sì máa ń gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀. Bí ẹnu bá ti súnkì tí ìsàlẹ̀ kò tíì súnkì, ife á sán. Èyí ló mú kí n gbà pé ọyẹ́ burú fún amọ̀kòkò ju òjò lọ: òjò kàn ń dá a dúró ni, ọyẹ́ ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ife bá ti le díẹ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, amọ̀kòkò á dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè fúyẹ́, á wá lẹ ibi tí a ó máa fi ìka dì mú mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́ ju mímọ ife fúnra rẹ̀ lọ, fídíò kì í sì í fi hàn. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ṣì tutù ju ara ife lọ, nítorí náà á fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀rinrin méjèèjì lè dọ́gba. Ó tún di gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni iná àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 1,000°C. Lẹ́yìn ìyẹn ni á rì í sínú glaze, ìyẹn omi tí wọ́n po òkúta lílọ̀ mọ́, tó máa ń yọ́ nínú iná tí á sì di dídán bíi gíláàsì. Iná kejì ló kù, èyí sì lè kọjá 1,250°C.

Ṣé kò lè sun tèmi nìkan kí n máa lọ ni?

Ó lè ṣe é, bí ẹ bá máa san owó gáàsì gbogbo ìléru. Iná tó máa sun ife kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó máa sun ọgọ́rùn-ún, torí náà tiyín á dúró de ti àwọn ẹlòmíràn títí ìléru á fi kún. Ìléru oníná mànàmáná náà wà, ṣùgbọ́n níbi tí iná ìjọba ti lè lọ láàárín òru, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń jẹ́ kí ìkòkò bú gbàù nínú iná. Ṣé òótọ́ ni?

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, títí kan àwọn olùkọ́. Omi ló ń fọ́ ọ. Bí omi bá di oru ní 100°C, àyè tó máa gbà á fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Bí oru yẹn kò bá rí ọ̀nà jáde kíákíá, á ya ìkòkò pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ tó gbẹ dénú kì í sábà ṣe nǹkan kan. Amọ̀kòkò ń fi ọwọ́ po amọ̀ dáadáa kí gbogbo rẹ̀ lè rọ̀ dọ́gba, kí kókó má sì ta lù ú lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé amọ̀ tó gbẹ koránkorán pàápàá ṣì ní omi. Nínú amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin, ó tó ìdá 14 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, ó so mọ́ amọ̀ náà lára, oòrùn kan ò sì lè fà á jáde. Ó di nǹkan bí 450°C sí 600°C kó tó jáde. Láàárín ibẹ̀ kan náà, ní 573°C, èérún yanrìn tó wà nínú amọ̀ máa ń wú lójijì, bó bá sì ń tutù bọ̀, á tún súnkì lójijì níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tètè ṣílẹ̀kùn ìléru fi lè gbọ́ tí àwo ń sán táì, táì.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó?

Kóònù ló ń wò. Ṣóńṣó kékeré ni, wọ́n fi irú èròjà tó wà nínú glaze ṣe é, á sì tẹríba nígbà tí iná bá ti ṣiṣẹ́ tó. Hermann Seger ló ṣe é jáde ní Jámánì ní 1886, Edward Orton sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1896. Ẹ̀rọ tó ń ka ooru wà lónìí, ṣùgbọ́n ooru ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló ń kà. Kóònù ń ka bí ooru ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó.

Kí ló ń ṣe nígbà tí ife ń gbẹ? Kí ló sì dé tí kì í fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀?

Ó ń rẹ àjákù amọ̀ sínú omi kó lè lò ó padà, ó ń jọ glaze, ó ń fi bébà wé àwo sínú páálí, ó ń dá oníbàárà lóhùn. Ó sì ń nulẹ̀. Eruku amọ̀ ní èérún òkúta tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí ènìyàn bá ń fà á símú lọ́dọọdún, ó ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá náà kì í sì í lọ. Ìgbálẹ̀ á kàn gbé e sókè ni. Àkísà tútù ni wọ́n ń lò.

Àwọn ìyá wa ní Ìpetumodù àti ní Dada n'Ílọrin ń sun ìkòkò ní gbangba, ó sì ń tètè jinná. Kí ló dé tí ti sítúdíò kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀. Iná gbangba kì í sábà kọjá 900°C. Amọ̀ tí wọ́n ń lò ní yanrìn tó hàn, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀, torí náà oru ń rí ọ̀nà jáde, bí ìkòkò bá sì fẹ́ là, ihò àti yanrìn yẹn ni kì í jẹ́ kó là jìnnà. Àwọn ihò náà ló ń jẹ́ kí àmù máa làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ń pe àmù ní ìkòkò tí kò jinná tó, kò mọ ohun tí wọ́n mọ ọ́n fún.

Ẹ wo Ladi Kwali, ìyá tó wà lẹ́yìn owó ₦20. Ọwọ́ ló fi ń mọ ìkòkò omi ńlá nílùú rẹ̀ kó tó lọ darapọ̀ ní 1954 mọ́ ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òde òní. Ọwọ́ náà ló ṣì ń fi mọ wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wá ń fi glaze sí i, wọ́n sì ń sun wọ́n nínú ooru gíga. Àwọn ìkòkò náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Wọn kò lè mú omi tutù mọ́.

Ṣé mo lè fi abọ́ sítúdíò se ọbẹ̀?

Ẹ bu ọbẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e kaná. Bó ti le tó yẹn, ibi kan lára rẹ̀ á gbóná ṣáájú ibòmíràn, kò sì ní ihò tó máa dá ìsán dúró, á là sí méjì. Ìṣaasùn ni kẹ́ ẹ rà fún ìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó ti abọ́.