Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Oró Èéfín Tó Ti Wọ Ara Ènìyàn

Obìnrin tó ń yan gàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jókòó jìnnà sí iná. Agbada wà níwájú rẹ̀, ààrò wà lábẹ́ agbada, igi sì ń jó lọ nínú ààrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí atẹ́gùn bá yí, èéfín á yí sí i lójú. Á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi etí aṣọ nu omijé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lórí igbá tó fi ń ro gàrí, nítorí bí ọwọ́ bá dúró, gàrí á jóná. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ènìyàn ló lè rí ohun tí èéfín náà ṣe sí ògiri: ó ti dúdú. Ohun tó ṣe sí inú obìnrin náà ni ojú lásán kò lè rí, ìyẹn sì ni ọgbọ́n tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún.

Kì í ṣe èéfín lápapọ̀ ni àwọn olùwádìí ń wọ̀n. Ẹbí kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ polycyclic aromatic hydrocarbons, tí gbogbo ayé gé kúrú sí PAH. Ohunkóhun tó bá ní kábọ̀nù nínú, ì báà ṣe igi, ọ̀rá ẹran, dísù, táyà tàbí ewé tábà, tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán, yóò mú wọn jáde. Òrùka òrùka ni wọ́n: átọ́ọ̀mù kábọ̀nù ló so kọ́ra wọn di òrùka, òrùka sì lẹ̀ mọ́ òrùka. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní òrùka méjì péré. Naphthalene ni, káńfọ̀ funfun róbótó tí àwọn ìyá ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ní òrùka márùn-ún, benzo[a]pyrene ni orúkọ rẹ̀. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ìsọ̀rí kìn-ín-ní, láàárín àwọn nǹkan tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àwọn olórùka díẹ̀ máa ń fò káàkiri bí òórùn. Àwọn olórùka púpọ̀ máa ń gun ẹ̀yìn eruku dúdú inú èéfín, wọ́n á sì bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ó pẹ́ kí ọmọ aráyé tó mọ̀ wọ́n. Lọ́dún 1775 ni Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n ń mú àwọn tó ń gbá inú ihò èéfín ilé, àwọn tí wọ́n ti ń rán wọ ihò yẹn láti kékeré. Ní 1915, Yamagiwa àti Ichikawa ní Japan ń fi ọ̀dà èédú inú ilẹ̀ kun etí ehoro léraléra fún ọ̀pọ̀ oṣù, jẹjẹrẹ sì hù níbẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí benzo[a]pyrene fà yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, láti inú ọ̀dà tó tó tọ́ọ̀nù 2. Láti ìgbà tí Pott ti rí egbò dé ìgbà tí wọ́n mọ orúkọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ọdún 158 ni.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé ló ní ẹ̀rọ tó dúró sójú kan, tó ń fa afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìlú ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àfojúsùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kí benzo[a]pyrene má ju nánógíráàmù 1 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá wo ọdún kan gbáko. Kí á pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù 1 kí á mú ẹyọ kan níbẹ̀, nánógíráàmù 1 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí oríta kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni yóò máa sọ fún wa. Kò ní mọ ohunkóhun nípa ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń yan gàrí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni èéfín ti ń súnmọ́ imú ènìyàn jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí obìnrin kan ń mí, ara obìnrin náà ni kó gbé ẹ̀rọ kọ́.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìbàdí rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba ẹ̀yìn bọ́ sí èjìká, wọ́n á sì há ẹnu rẹ̀ mọ́ ọrùn bùbá, níbi tí kò jìnnà sí imú. Bébà funfun róbótó kan wà lẹ́nu rọ́bà yẹn tó ń mú eruku. Ẹ̀yìn bébà ni ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n kó hóró wẹ́wẹ́ sí láti mú àwọn tó ń fò. Bó ti ń ro gàrí ni ẹ̀rọ ń kùn bí oyin ní ìbàdí rẹ̀. Bí ó bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ní wákàtí 8 yóò ti fa lítà 960, ó kù díẹ̀ kó pé kúbíìkì mítà kan. Bébà tó funfun bí òwú láàárọ̀ á ti di aláwọ̀ eérú. Àwọ̀ yẹn nìkan kò tó ṣèdájọ́ o. Igi tútù máa ń rú èéfín funfun, PAH sì lè kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Bébà kan tún wà tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ láì so ó mọ́ ẹ̀rọ rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n fi ṣòfò ni. Ẹlẹ́rìí ni. Bí wọ́n bá rí PAH lára òun náà, a jẹ́ pé inú ọkọ̀ tàbí ọwọ́ àwọn olùwádìí fúnra wọn ló ti kó o, wọ́n á sì yọ iye yẹn kúrò lára ti àwọn yòókù. Ìwádìí tí kò ní irú bébà yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ara lé e.

Ní ilé ìwádìí, wọ́n á fi kẹ́míkà olómi fọ gbogbo PAH kúrò lára bébà, ẹ̀rọ á yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà ti yan 16 nínú ẹbí yìí, àwọn ni wọ́n sì sábà máa ń wá. Oró wọn kò dọ́gba, nítorí náà wọn kì í kàn rò wọ́n pọ̀. Benzo[a]pyrene ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n pè é ní 1. Benz[a]anthracene jẹ́ 0.1, chrysene jẹ́ 0.01. Lójú ìṣirò yìí, nánógíráàmù 100 chrysene kò ju nánógíráàmù 1 benzo[a]pyrene lọ.

Síbẹ̀, ohun tó wà níwájú imú lọ́tọ̀, ohun tó wọlé lọ́tọ̀. Obìnrin méjì lè jókòó ti ààrò kan náà, kí ọ̀kan máa mí gúlegúle nítorí òun ló ń gbé igi tó sì ń ro gàrí, kí èkejì máa mí jẹ́jẹ́. Imú nìkan kọ́ sì ni ọ̀nà. Mẹkáníìkì tó ń tọwọ́ bọ ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù ń gba tirẹ̀ láti awọ ara. Ẹni tó dúró ra sùyà ní Sábó ń gba tirẹ̀ lẹ́nu: ọ̀rá ẹran ń kán lé ògúnná, èéfín ọ̀rá náà á gòkè padà wá lẹ̀ mọ́ ẹran. Ẹja yíyan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ̀rọ ìbàdí kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọrọ ìtọ̀.

Ara kì í fẹ́ pa PAH mọ́. Bí wọ́n bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn padà kí omi lè gbé wọn jáde. Ìgbẹ́ ni benzo[a]pyrene fúnra rẹ̀ sábà máa ń bá lọ, èyí tó dé inú ìtọ̀ kéré gan-an, nítorí náà wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò ṣojú rẹ̀. Pyrene ni, olórùka mẹ́rin. Òun alára kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti rí i, àwọn tó burú kì í jìnnà. Ẹ̀dọ̀ á sọ pyrene di 1-hydroxypyrene, á so ṣúgà mọ́ ọn, kíndìnrín á sì dà á sínú ìtọ̀. Kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n, wọ́n ní láti tú ṣúgà yẹn kúrò, ohun tí wọ́n sì sábà fi ń tú u ni ẹ́ńsáìmù tí wọ́n rí láti inú ìgbín, irú ìgbín kan tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n á pò ó mọ́ ìtọ̀, wọ́n á fi í sínú ooru tó dọ́gba pẹ̀lú ooru ara, ó di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ki nǹkan sí pinpin. Bí ọ̀nà ọjà ni ọ̀pá yìí rí. Ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni á sáré kọjá, ẹni tó ń dúró kí gbogbo òǹtajà á pẹ́ dé. Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ tó máa ń yọ lódì kejì. Bí 1-hydroxypyrene bá yọ, iná kan tí ojú wa kò rí á tàn sí i, òun náà á tàn padà. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ iye tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù kò sí nínú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló wà. Ìtọ̀ ẹni tó mu omi púpọ̀ á mọ́ gaara, ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nídìí iná á pọ́n, nítorí náà wọ́n máa ń wọn creatinine pẹ̀lú. Inú iṣan ara ló ti ń wá, iye rẹ̀ kì í sì yí púpọ̀ lójoojúmọ́, òun ni wọ́n fi ń mú ìtọ̀ gbogbo wá sí ojú kan náà. Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní nǹkan bíi wákàtí 18, ìdajì 1-hydroxypyrene á ti jáde kúrò lára. Fún obìnrin tí kì í yan gàrí lọ́jọ́ Àìkú, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó dáná ni ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ jù, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn lọ́sẹ̀ sì ni ó gbé èéfín jù. Wọ́n ń gba méjèèjì. Wọ́n á fi bébà dídán wé ike ìtọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, wọ́n á gbé e sórí yìnyín. Nílùú tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ yìnyín yẹn kò gbọdọ̀ sùn. Wọ́n á sì bi í léèrè: kí lo jẹ lánàá? Ṣé ọkọ rẹ ń mu sìgá nínú ilé? Ní 2001, Frans Jongeneelen, ará Netherlands, dábàá 0.24 máíkírómólù 1-hydroxypyrene fún mólù creatinine kan (mólù ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka nǹkan, máíkírómólù sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù rẹ̀) gẹ́gẹ́ bí òkè ibi tí ó yẹ kí ti ẹni tí kì í mu sìgá dé, bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá kan PAH. Ti àwọn tó ń mu sìgá jẹ́ 0.76. Ẹ wo bí sìgá nìkan ṣe gbé e sókè tó.

Ìtọ̀ kò sọ ju ọ̀rọ̀ àná àti òní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ti ṣe ọṣẹ́ ní láti wo ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ẹ̀dọ̀ ti ń tiraka láti lé benzo[a]pyrene jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di ohun tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì lọ lẹ̀ mọ́ DNA, ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó ṣe ohunkóhun. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín kó tó tún ibẹ̀ ṣe, ó lè ṣi ìwé náà kà, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní 32P-postlabelling, tó lè rí ẹyọ lẹ́tà DNA kan tí nǹkan lẹ̀ mọ́ báyìí láàárín bílíọ̀nù 1 tó wà ní mímọ́. Ó gbówó lórí, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde tí wọ́n ń lò fún un sì fẹ́ ìṣọ́ra gidigidi. Àwọn mìíràn ń wo èyí tó lẹ̀ mọ́ pupa ẹ̀jẹ̀, nítorí pupa ẹ̀jẹ̀ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara, ìròyìn oṣù mẹ́rin á sì wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò wúlò fún ẹni tó tọ̀ sínú ike. Òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èsì, lédè tó yé e. Ohun tó wúlò ni kí wọ́n fi í wé ara rẹ̀: kí wọ́n wọ̀n ọ́n lónìí, kí ó pààrọ̀ ààrò sí èyí tó ní ọ̀nà èéfín, kí wọ́n sì tún un wọ̀n ní irú àkókò kan náà lọ́dún, nítorí iná igbó máa ń jó lẹ́ẹ̀rùn, igi a sì máa tutù lójò. Bí ti afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ tí ti ìtọ̀ kò wálẹ̀, wọ́n á padà sí ìbéèrè wọn, wọ́n á tún béèrè nípa ẹja, nípa sùyà, nípa sìgá. Wọ́n á sì yọjú wo ojúlé kejì, bóyá ààrò kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń jó igi tútù, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n.