Ọkọ̀ Àpatì Lójú Òkun

Ọkọ̀ àpatì ni ọkọ̀ tí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lójú òkun, tí wọn kò ní in lọ́kàn láti padà sínú rẹ̀, tí wọn kò sì retí pé ọwọ́ wọn yóò tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá kàn bọ́ sílẹ̀ láti lọ wá ẹni tí yóò fi okùn fa ọkọ̀ rẹ̀ wálé, ọkọ̀ náà kò tíì di àpatì lójú òfin.

Òfin àgbáyé ti ọdún 1974 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun pa á láṣẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ tó bá gbọ́ igbe ìrànlọ́wọ́ pé kí ó lọ gba ẹ̀mí là. Kò ní kí ó gba ọkọ̀ là. Ó tilẹ̀ ṣòro púpọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá láti fa ọkọ̀ onígbòkun kékeré láìfà á ya. Bí ìgbì bá sì ń gbé àwọn méjèèjì sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òpó ìgbòkun lè dá lu àwọn tó ń gun àkàbà okùn lọ́wọ́. Nítorí náà, wọ́n á kó ènìyàn, wọ́n á sì fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè rì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìgbì dojú ọkọ̀ Wild Eyes dé ní Òkun Íńdíà, òpó rẹ̀ sì dá. Ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Faransé kan ló gba Abby Sunderland là, ọmọ Amẹ́ríkà ọmọ ọdún 16 tó ń dá wa ọkọ̀ náà yí ayé ká. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2018, àwọn tó ń fi bàálù wá ẹja tuna rí ọkọ̀ náà nítòsí Erékùṣù Kangaroo ní Ọsirélíà, ó dojú dé, àwọn ẹran omi oníkarawun sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó rì.

Ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet, ti oṣù kẹjọ ọdún 1979, ló fi èyí hàn lọ́nà tó dunni jù lọ. Ọkọ̀ 303 ló gbéra, ìjì sì ká wọn mọ́ ojú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Írẹ́lándì. Nínú ọkọ̀ 24 tí wọ́n fi sílẹ̀, 5 péré ló rì. Olùdíje 15 ló kú. Ọ̀ràn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà onírọ́bà sì ló pa 7 nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí àwọn 7 yìí sá kúrò nínú wọn ni wọ́n padà rí tó ṣì léfòó, tí wọ́n fà wọ èbúté. Ó ṣòro fún mi láti ka èyí kí ó má dùn mí dé ọkàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má ṣe kúrò nínú ọkọ̀ wọn àfi bó bá ń rì lóòótọ́.

Ẹni tó bá rí ọkọ̀ àpatì kò tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tó ni ín. Ó ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tàbí ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó bá ti san owó rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 fún ẹni tó bá gbà á là. Owó náà kò gbọ́dọ̀ ju iye tí ohun tó gbà là tó lọ, ẹni tí kò bá sì rí nǹkan kan gbà là kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tí a gba ẹ̀mí tiwọn là kì í san nǹkan kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, olówó ọkọ̀ ní ọdún 1 láti wá gba ohun ìní rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ewu ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ àpatì kò tan iná lálẹ́, ó sì lè rẹlẹ̀ sínú omi débi pé ọkọ̀ mìíràn yóò kọlù ú kó tó rí i. Nítorí èyí, wọ́n máa ń kéde ibi tó wà lórí rédíò, àwọn mìíràn a sì mọ̀ọ́mọ̀ rì í, bí wọ́n ti ṣe sí Rebel Heart ní oṣù kẹrin ọdún 2014, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kó ẹbí kan kúrò nínú rẹ̀ lójú Òkun Pàsífíìkì. Ní Òkun Mẹditaréníà, àwọn olùgbàlà máa ń fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé a ti kó àwọn tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí bàálù bá rí ọkọ̀ òfìfo tí kò ní àmì, wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ènìyàn tó ti gúnlẹ̀ láyọ̀.