Bí Ilé Àwòrán Marianne North Ṣe Dé Ọgbà Kew

Ilé bíríkì pupa kan wà ní Ọgbà Kew, ọgbà ewéko ńlá kan ní London, tí wọ́n ya igi tíì àti igi kọfí sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀ṣọ́ yẹn. Marianne North, ayàwòrán ewéko tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, fẹ́ kí àlejò máa rí tíì tàbí kọfí mu níbẹ̀. Joseph Hooker, ọ̀gá ọgbà, kọ̀ jálẹ̀: ibi ìwádìí ìmọ̀ ni Kew, kì í ṣe búkà. Obìnrin náà kò bá a jà. Búrọ́ọ̀ṣì ló mú. Àlejò tí kò bá rí tíì mu á kúkú rí i wò.

Hastings, létí òkun gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1830. Aṣòfin ni Frederick North, bàbá rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó kú ní 1855, ó ní kó ṣèlérí pé kò ní fi bàbá sílẹ̀ láéláé, ọmọ náà sì mú ìlérí yìí ṣẹ. Kò lọ́kọ. Tòun ti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, títí dé Síríà àti Íjíbítì. Nígbà tí bàbá kú ní 1869, ọmọ ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ogún tó tó ná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1871, ó di ẹrù rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà.

Jàmáíkà, Brazil, Japan, Borneo, Java, Ceylon, Íńdíà. Nígbà yẹn, ọ̀dà olómi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ewéko fáwọn onímọ̀ máa ń lò: ewé kan, òdòdó kan, lórí bébà funfun báláú. Ọ̀dà olóròóró ni North ń lò ní tirẹ̀, ó sì ń ya igi síbi tó ti hù gan-an, tòun ti òkè, odò, ẹyẹ àti kòkòrò tó yí i ká. Ilé àwọn ọlọ́lá àtàwọn aláṣẹ ló sábà máa ń dé sí. Títí di 1888 ni wọ́n ṣì ń lo ẹrú ní Brazil, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Èmi ò lè wo òdòdó tó yà níbẹ̀ kí n má ro tàwọn tó ń ro oko nítòsí.

Ní Sarawak, ní erékùṣù Borneo, ní 1876, ó ya ewéko kan tó ní àpò bí ìkòkò, èyí tí kòkòrò máa ń jìn sí tí kì í lè jáde mọ́. Nígbà tí àwòrán náà dé London, oníṣòwò ewéko kan, Harry Veitch, rí i pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, ló bá rán Charles Curtis lọ wá a nínú igbó. Curtis rí i. Hooker sì sọ ọ́ ní *Nepenthes northiana*. Àwòrán ló kọ́kọ́ dé o, kí ewéko tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹjọ 1879, ọkọ̀ ojú irin já North sílẹ̀ ní Shrewsbury. Ibi tó ti ń dúró de òmíràn ló ti kọ lẹ́tà sí Hooker: òun á kó gbogbo àwòrán òun fún Kew, òun á sì kọ́ ilé tí wọ́n máa gbé e kọ́ sí. Hooker gbà. James Fergusson, ọ̀rẹ́ North, ló ya pílánù ilé náà, ó sì fi fèrèsé sókè téńté kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn bo ògiri. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, ní tirẹ̀ sọ fún North pé kò tíì parí iṣẹ́ bí kò bá dé Australia. Ó lọ ní 1880.

Nígbà tó padà, òun fúnra rẹ̀ ló to àwòrán náà ní ìlú-ìlú, férémù kan ń gbún èkejì, débi pé ó ṣòro kéèyàn rí ògiri. Pákó igi oríṣi 246 ló fi bo abẹ́ wọn. Wọ́n ṣí ilé náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1882.

Kò tíì tó o. Ó tún lọ sí Gúúsù Áfíríkà àti Seychelles, ó sì lọ sí Chile, níbi tó ti ya igi kan tí wọ́n ń pè ní araucaria síbi tó ti ń hù. Wọ́n fi yàrá kan kún ilé, àwòrán sì lé ní 800. Ó tún gbogbo rẹ̀ tò. Lẹ́yìn náà ló lọ fìdí kalẹ̀ sí Alderley, ní Gloucestershire, ó gbin ọgbà tara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1890.